Ọkọ mi wà ní Manchester, èmi wà ní Abẹ́òkúta: kí n tó lọ bá a, kí ló yẹ kí n mọ̀?

Aránṣọ Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, òní ni mo gbé tèmi wá.

Ọdún mẹ́rin rèé tí èmi àti ọkọ mi ti mọra wa, ọdún kan àtààbọ̀ rèé tí a ti di tọkọtaya. Manchester ló ń gbé, ó sì ti gba ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀. A ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, a ṣe ìdána, a lọ sí kóòtù kó tó padà. Lálẹ́ àná ni mo jókòó ka iye ọjọ́ tí a ti jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan náà látìgbà tí a ti mọra: ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Orí fóònù ni gbogbo ìyókù. Mo mọ ìgbà tó ń jí, mo mọ ìgbà tó ń ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì ń mọ̀ láti ohùn ẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó sọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó ń kọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ sí. Mi ò mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe tó bá wọlé.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nítòsí ọjà Ìtòkú, ẹ̀rọ márùn-ún, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, méjì nínú wọn ló máa ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dún yìí. Ọkọ mi ní kí n ta gbogbo ẹ̀, ká fi kún owó físà. Ìyá mi ní bó jẹ́ abẹ́rẹ́ kan, mi ò gbọdọ̀ tà á. Inú mi ń dùn pé mò ń lọ, àyà mi sì ń já. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, ìyẹn ò sí lára ohun tí mò ń bi yín. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, kí ni ẹ débẹ̀ kí ẹ tó mọ̀, tó jẹ́ pé ilé ló yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n?

Ìyá Ìbejì Birmingham

Ẹ kú oríire, àbúrò mi. Ọlọ́run á mú yín débẹ̀ láyọ̀. Mo ti lo ọdún mẹ́fà níbí báyìí, ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí gan-an ni mo gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ tọkọtaya láàmú, wọn kì í sì í jókòó sọ ọ́ pa pọ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí aya ẹ̀ wá sí ìlú Ọba gbọ́dọ̀ máa gba £29,000 lọ́dún ó kéré tán, kí wọ́n tó yọ owó orí. £18,600 ni tẹ́lẹ̀, òun ló wà nígbà tèmi. Ẹ bi ọkọ yín: èló ló ń gbà, ọ̀dọ̀ ta ni, oṣù mélòó ló ti ṣe níbi iṣẹ́ yẹn? Bó bá ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, ọ̀rọ̀ rọrùn: ìwé owó oṣù mẹ́fà, ìwé báńkì oṣù mẹ́fà, kí owó tó wà nínú tàkọ́kọ́ hàn nínú ìkejì láìyẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú.

Owó físà fúnra ẹ̀, £1,938 ni ní ọdún 2025. Owó ìlera wà lọ́tọ̀, £1,035 lọ́dún, ti ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà: £3,105. Ẹ rò ó pọ̀, £5,043 ni lọ́dún yẹn, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó ṣe ìdánwò kankan. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n á fún yín. Tó bá ti ń tán lọ, ẹ tún máa san òmíràn fún ọdún méjì àbọ̀. Tó bá pé ọdún márùn-ún, ẹ lè wá béèrè ìwé ìgbélùú gbére, ìyẹn náà lówó tiẹ̀, ó sì ní ìdánwò tiẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó ṣírò ọdún márùn-ún sórí bébà kan. Bí ẹ bá ta ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà àkọ́kọ́ yìí, kí lẹ máa tà fún ìgbà kejì?

Àyẹ̀wò ikọ́ fée: Èkó àti Àbújá ni ẹ ti lè ṣe é, lọ́dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí láti ìlú dé ìlú. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má kánjú ṣe é nígbà tí ìwé owó oṣù ọkọ yín ò tíì pé. Ti èdè ńkọ́? Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la fi kàwé láti kékeré, Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní dìgírì tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lè fi ìyẹn rọ́pò ẹ̀, ẹni tí kò bá ní, ìdánwò A1 ni, ìyẹn ìpele tó rẹlẹ̀ jù, sísọ àti gbígbọ́ nìkan, kò le rárá. Ní ti ẹ̀rí pé tọkọtaya ni yín, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp ọdún mẹ́rin ránṣẹ́. Ẹ mú díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, àwòrán ìdána tí àwọn òbí wà nínú ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ìgbà tó wá sílé, àti ìwé owó tó ń fi ránṣẹ́.

Èyí tó kàn yìí kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Oṣù kìíní ni mo dé. Ọkọ mi gbé mi láti pápákọ̀ òfuurufú, ó se ìrẹsì, a jẹun, ó lọ síṣẹ́ òru torí kò rí àyè gbà. Ní nǹkan bí aago kan òru, gbogbo ilé ṣókùnkùn, irin gbígbóná tó wà lára ògiri di tútù. Mo rò pé wọ́n mú iná lọ bíi tilé ni, mo ní wọ́n á mú un padà. Wọn ò mú un padà. Mítà ló ti jẹ owó tán, káàdì ẹ̀ wà lórí fíríìjì, ṣọ́ọ̀bù tí mo lè ti rówó sí i sì wà ní ìkọjá òpópónà, ó ń tan iná títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fi ìró mẹ́ta àti kóòtù ọkọ mi bora, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí tó fi dé láago méje. Nígbà tó rí mi, omi bọ́ lójú ẹ̀. Kì í ṣe pé kò bìkítà. Ọdún méje ló ti ń dá gbé, kò tún rántí pé mítà jẹ́ ohun tí èèyàn ń kọ́.

Nítorí náà, àbúrò mi, ẹ ní kí ọkọ yín gbé fóònù, kó rìn yí gbogbo ilé ká pẹ̀lú yín kí ẹ tó wá: mítà, ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ibi tí wọ́n ti ń ti omi, kọ́kọ́rọ́ kejì, orúkọ aládùúgbò kan.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì, Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ mítà yẹn dùn mí.

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ wá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé e wá, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni èmi àti ọmọ wa wá bá a. Físà tèmi so mọ́ iṣẹ́ ìyàwó mi, kì í ṣe irú tiyín. Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí tí ọkọ tàbí aya ẹ̀ fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọn ò ti gbà kí àwọn tó ń bọ̀ lórí iṣẹ́ yẹn mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́, láti oṣù keje ọdún 2025 sì ni wọn ò ti gba ẹni tuntun láti òkè òkun sórí iṣẹ́ yẹn mọ́ rárá. Kí aṣojú kankan má gba owó yín lórí ẹ̀.

Ohun tí mo débẹ̀ kí n tó mọ̀ ni pé mo máa di àlejò nínú ilé ìyàwó mi. Ìbàdàn ni mo ti ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tèmi, ènìyàn mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Mo dé Leeds, mo ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi bóyá kí n tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Ó mọ bọ́ọ̀sì, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí àti àwọ̀ ike tí wọ́n ń kó lọ́jọ́ wo, ó ní ọ̀rẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ní fóònù. Ó ti kọ́ bí a ti ń dá gbé, èmi náà sì ti kọ́ ọ nílé, a wá fi àdágbé méjì sínú yàrá kan.

Ìjà wa àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta, lórí ìkòkò. Mo fi ṣíbí irin ro ọbẹ̀ nínú ìkòkò ẹ̀ tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ó ha. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n a ò tíì jà lójúkojú rí látọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Lórí fóònù, bí ohùn bá ti ń ròkè, ẹnì kan á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó di ọ̀la. Nínú ilé, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí èèyàn máa dá lẹ́bi. Ó ti ibi iṣẹ́ òru wákàtí méjìlá dé, ojú ẹ̀ pọ́n, mo sì ń fèsì fún un bí ẹni tó sùn dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn la fẹnu kò pé bí ẹnikẹ́ni bá ti iṣẹ́ òru dé, kò sí ẹjọ́ àfìgbà tó bá sùn tán. Àdéhùn yìí ló ṣì ń gbà wá dòní.

Ohun tó mú mi dúró ni pé mo wá ohun kan tó jẹ́ tèmi. Èmi ni mo ń mú ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà iléèwé yẹn ni mo ti mọ ọkùnrin kan láti Ṣakí, òun ló júwe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún mi. Ẹ̀yin, ẹ ti ní iṣẹ́ ọwọ́, àǹfààní ńlá ni. Físà aya tí ẹ máa gbà fún yín láyè láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, bó jẹ́ ti ara yín, bó jẹ́ lábẹ́ ẹlòmíì. Ẹ má kàn gba físà àfẹ́sọ́nà, oṣù mẹ́fà ni ìyẹn, kò sì fàyè gba iṣẹ́. Ẹ̀yin ti ṣe kóòtù, ẹ ò nílò ẹ̀.

Màmá Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ mi ọkùnrin wà lọ́hùn-ún, ìyàwó ẹ̀ sì tibí lọ bá a, nítorí náà ojú ìyá ọkọ ni mo fi ń wò ó, má bínú.

Má ta ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe torí pé ọkọ rẹ kò dáa. Bí ọwọ́ èèyàn bá ṣófo, ohùn ẹ̀ á máa rẹlẹ̀, àní níwájú ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ta gbogbo ọjà tó ní kó tó lọ. Nígbà tí ìyá ẹ̀ ṣàìsàn lọ́dún kejì, ọwọ́ ọkọ ló ti ní láti gba owó oògùn. Ọmọ mi fún un, kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ìyàwó náà ló pè mí tó ní, "Màmá, ẹnu mi wúwo kí n tó lè béèrè." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi.

Ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni ọ́: lára àwọn méjì tó fẹ́ ṣe fírídọ́ọ̀mù yẹn, wo èyí tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Fi ẹ̀rọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, kó máa san iye kan fún ọ lóṣooṣù. Ta méjì tó kù bó bá pọn dandan. Kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ìyá ọmọ náà fọwọ́ sí i, kí ìyá tìrẹ náà fọwọ́ sí i, kí o sì mú onílé dání kó mọ ẹni tó máa máa san owó ilé. Kí owó yẹn máa wọ àkáǹtì tìrẹ níbí. Má ṣí i lórúkọ ẹ̀gbọ́n, má ṣí i lórúkọ ọkọ.

Èkejì: kí o tó lọ, lọ kí àwọn òbí ọkọ rẹ, kí o sùn níbẹ̀ ọjọ́ méjì ó kéré tán. Jókòó ti ìyá ọkọ rẹ nílé ìdáná. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí èdè àìyédè bá dé lọ́hùn-ún, wàá nílò ẹni tó lè pe ọkọ rẹ lórúkọ oríkì ẹ̀ kó sì dá a lóhùn.

Ẹni Tó Ti Kọjá Ibẹ̀

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún wákàtí méjì kí n tó kọ ọ́. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó báyìí ló ń dára. Tèmi ni kò dára.

Físà òde òní, orí ẹ̀rọ ló wà, eVisa ni wọ́n ń pè é. Íméèlì àti nọ́ńbà fóònù la fi ń wọ inú ẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa mú kóòdù tí agbanisíṣẹ́ á fi mọ̀ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni onílé á ti yẹ̀ yín wò. Ọkọ mi ló kọ fọ́ọ̀mù mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà náà, torí ó mọ̀ ọ́n ju mí lọ. Íméèlì ẹ̀ ló fi sí i, nọ́ńbà ẹ̀ ló fi sí i. Nígbà tí ilé gbóná, tí mo fẹ́ wá iṣẹ́, mi ò lè fi hàn ẹnikẹ́ni pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù mi wà nínú báàgì ẹ̀. Bí a bá ti jà, ó máa ní òun á kọ̀wé kí wọ́n dá mi padà sílé lọ́la, mo sì gbà á gbọ́. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi gbà á gbọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni mò ń sọ fún yín báyìí. Ọkọ kan ò lè jí lóru kó lé yín kúrò ní ìlú Ọba. Òfin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì nílànà. Bí ẹni tó wá lórí físà ọkọ tàbí aya bá fi ilé sílẹ̀ torí ìwà ipá, ó lè béèrè ìyọ̀ǹda oṣù mẹ́ta tó máa jẹ́ kó rí ìrànwọ́ ìjọba gbà, ó sì lè béèrè ìwé ìgbélùú gbére láì dúró kí ọdún márùn-ún pé. Lílù nìkan kọ́ ni wọ́n ń pè ní ìwà ipá: gbígba owó mọ́ èèyàn lọ́wọ́, fífi ìwé pamọ́, fífi físà dẹ́rù bani, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ìrànwọ́ fún obìnrin tí ìwà ipá inú ilé bá, tí mo pè, ni 0808 2000 247. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, ẹ sì lè béèrè fún ògbufọ̀. Bí ewu bá ti wà lójú ẹsẹ̀, 999 ni, nọ́ńbà ọlọ́pàá, bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ tẹ 55 lórí fóònù alágbèéká nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Kí àbúrò mi kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ ẹ̀. Bí kò bá lò ó láéláé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Aránṣọ Ìtòkú

Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ tìkẹyìn yìí, ẹ ṣeun, ẹ kú ìfaradà. Mo ti kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé.

Lóòótọ́, íméèlì ọkọ mi la fi bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù. Mi ò rò ó sí nǹkan kan. Ní báyìí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un kó pààrọ̀ ẹ̀ láìjẹ́ pé ó dà bíi pé mi ò fọkàn tán an. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ ba inú ẹ̀ jẹ́.

Ẹni Tó Mú Ìyàwó Wá, Sheffield

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dá sí èyí. Ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe wà gan-an. Ẹ ní, "Olólùfẹ́, ìwé mi ni, mo fẹ́ máa wọ inú ẹ̀ fúnra mi, kọ́ mi." Ìyẹn tó. Ọkùnrin tó jẹ́jẹ́ á dúpẹ́ pé ẹrù kan kúrò lọ́rùn òun. Nígbà tí ìyàwó mi béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dùn mí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò ní parọ́. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé bí nǹkan bá ṣe mí lójú ọ̀nà lọ́la ńkọ́? Báwo ló ṣe máa wọ ìwé ara ẹ̀? La bá pààrọ̀ ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ bá mi sọ nǹkan díẹ̀ fún ọkọ yín, torí gbogbo wa ló ń gba ẹni tó ń bọ̀ nímọ̀ràn, kò sẹ́ni tó ń gba ẹni tó ń retí nímọ̀ràn. Mo gbé inú yàrá yẹn fún ọdún márùn-ún, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù kún fún aṣọ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kan kí ìyàwó mi tó dé, mo kó ìdajì kúrò, mo nu inú ẹ̀, mo fi ìkọ́ aṣọ òfìfo ogún síbẹ̀. Ó dé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí àyè tó ṣófo. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ kan àwọn ìkọ́ yẹn ní kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún kan pé ìgbà yẹn lọ́kàn òun tó balẹ̀.

Kí ọkọ yín gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán nígbà tí ẹ bá dé. Kó mú yín lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè nọ́ńbà National Insurance yín, èyí tí wọ́n fi ń mọ òṣìṣẹ́ àti owó orí ẹ̀, láìfi falẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì báńkì lórúkọ yín. Àjọṣe lè wà, ṣùgbọ́n kí tiyín náà wà. Bí ẹ bá ń wakọ̀, ẹ lè fi láíséńsì Nàìjíríà wà á fún oṣù méjìlá, lẹ́yìn ìyẹn ìdánwò tiwọn ni, nítorí náà kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kó tó pé.

Ilé ńkọ́? Ṣé ó ń dá gbé ni àbí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ló háyà ilé? Àwọn tó ń fún ni ní físà máa fẹ́ mọ̀ pé yàrá wà fún ẹ̀yin méjèèjì nìkan, pé èrò ò pọ̀ jù nínú ilé. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílé.

Ará Köln

Kúkúrú ni tèmi, torí kì í ṣe ìlú Ọba ni mo wà. Ẹ̀yin tí ọkọ yín wà ní Jámánì, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ èdè. Ìdánwò A1 ti Jámánì ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ṣe kí ẹ tó gba físà, Goethe-Institut, ilé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì, ní Èkó ni mo ti kọ́ tèmi. Wọ́n tún máa ń rán èèyàn lọ wádìí ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó wa fínnífínní. Ó ń pẹ́. Ẹ rí i pé orúkọ yín àti ọjọ́ orí yín bára mu nínú gbogbo ìwé. "Bọ́lá" níbì kan, "Bọ́láńlé" níbòmíì, wàhálà ni.

Ìyá Ìbejì Birmingham

Orúkọ yẹn kan ti ìlú Ọba náà o. Ẹ ṣeun, Ará Köln.

Ẹrù: ẹ má gbé ẹran kankan, bó jẹ́ gbígbẹ, bó jẹ́ pọ̀nmọ́, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù. Wàrà náà bẹ́ẹ̀. Gàrí àti èlùbọ́ wà níbí, kò sóhun tí ẹ fẹ́ kó ẹrù kún àpótí fún. Ẹ̀rọ tí ẹ bá fẹ́ mú wá, ihò iná wọn bíi tiwa ni, oníhò mẹ́ta onígun mẹ́rin, iná wọn náà ò sì jìnnà sí tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ wúwo, àlòkù tó dáa wà níbí. Ohun tí kò sí níbí ni àdìrẹ gidi tó wá láti Ìtòkú. Aṣọ ẹbí ń lọ ní Manchester ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwọn tó ń rán an kò tó nǹkan, àwọn tó mọ gèlè àti bùbá rán dáadáa tún kéré sí i.

Ẹ múra ọkàn sílẹ̀ fún oṣù kejìlá. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀ ní Manchester. Ní ọdún àkọ́kọ́ mo rò pé àìsàn ló ń ṣe mí. Ẹ máa jáde lọ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú.

Aránṣọ Ìtòkú

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, mo ní kí n padà wá sọ fún yín.

Mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ Sunday bí Ẹ̀gbọ́n Sheffield ṣe kọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun kàn ń wá ọ̀nà tó máa yá ni. A ti fi íméèlì àti nọ́ńbà tèmi sí i, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, òun ń wò mí lórí fídíò. A kọ owó ọdún márùn-ún sílẹ̀. Ó jọ òun náà lójú. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé ká má ta ṣọ́ọ̀bù mọ́, a máa dúró oṣù mẹ́rin sí i kí owó fi pé. Oṣù mẹ́rin yẹn dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, mo sunkún díẹ̀ lóru yẹn, ṣùgbọ́n ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà á gba ẹ̀rọ mẹ́ta, ìyá ẹ̀ ti wá fọwọ́ sí ìwé, mo sì ti lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ìlaròó. Oríkì ọkọ mi ni Àjàní. Ọdún mẹ́rin, mi ò mọ̀.

Ó gbé fóònù yí ilé ká fún mi. Mítà wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Kọ́kọ́rọ́, ara ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ń kọ́ ọ sí, ó ti kan ìṣó kejì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Àlùmọ́gàjí tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù tèmi, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n mú un lọ?

Ọkọ Nọ́ọ̀sì, Leeds

Wọ́n á jẹ́ kí ẹ mú un. Inú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàlúù ni kí ẹ kó o sí, ẹ má fi sí báàgì ọwọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu ẹ̀ kó má gé nǹkan. Bí ẹ bá dé, ìyàwó mi ní àǹkárá yáàdì mẹ́fà tó ti wà nínú àpò láti ọdún tó kọjá, ó ní kí n sọ fún yín pé òun á dúró dè yín.